Títo Kọ̀ǹpútà Fúnra Ẹni Nílé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbàdàn ni mo ń gbé, inú yàrá ilé mi ni mo sì ti ń to kọ̀ǹpútà, tèmi àti ti ọ̀rẹ́, ìbátan àti ará àdúgbò. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jọra gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn. Bí ẹ bá máa ka méjì mẹ́ta péré níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àwọn tó jẹ mọ́ iná. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ.

Ẹ̀gbọ́n, owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Power pack. Mo mọ̀ pé processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tàbí graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde) ló wà lọ́kàn yín, torí òun ni gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n processor tó kéré lónìí, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò lẹ́nu iṣẹ́) tí ò tó, ẹ lè fi òmíràn kún un. Power pack tí kò dáa kì í dá nìkan kú: lọ́jọ́ tó bá máa lọ, ó lè mú bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́), SSD (ibi tí fáìlì yín ń wà) àti iṣẹ́ ọdún mélòó kan dání. Òun ló ń gba iná 230 volt lára ògiri tó ń sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3 tí àwọn ẹ̀yà yòókù lè lò. Kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kéèsì (àpótí kọ̀ǹpútà) tí iná rẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ní ìlú tí iná kì í dúró sójú kan bíi tiwa, mi ò kì í lo èyí tí wọ́n fi kún kéèsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, mo máa ń ní kó sọ processor kalẹ̀ ní ìpele kan, kó fi ohun tó bá ṣẹ́kù kún owó power pack.

Báwo ni mo ṣe máa mọ power pack tó jẹ́ ojúlówó?

Ẹ má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí. Ẹ yí i pa dà, ẹ wo àtẹ kékeré tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 12V sí, kí ẹ fi iye amp tó wà níbẹ̀ lọ́nà 12. Mo ti mú ọ̀kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ 600W sí lára, tó jẹ́ pé 18A ló wà lábẹ́ 12V. 18 lọ́nà 12 jẹ́ 216. Ìlà 12V yìí sì ni processor àti graphics card òde òní ń fà. Wáàtì 216 lẹ rà, 600 lẹ sanwó rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 550W lóòótọ́, ẹ máa rí nǹkan bíi 45A lábẹ́ 12V, ìyẹn wáàtì 540.

Àmì 80 Plus bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Ohun tó ń sọ ni pé nínú iná tí power pack fà lára ògiri, ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà, tí ìyókù ń di ooru. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ àmì yẹn sára páálí, ẹ má wulẹ̀ gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fúnni ní àmì náà to orúkọ gbogbo èyí tó yege sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá èyí tí ẹ fẹ́ rà níbẹ̀ lórí fóònù yín kí ẹ tó sanwó. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ̀gbẹ́ káńtà ni mo ti máa ń ṣe é, lójú ẹni tó ń tajà gan-an. Ẹni tí ọjà rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí i.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà ni 115 wà fún. Bí ẹ bá ki í bọ iná wa nígbà tó ṣì wà lórí 115, ẹ máa gbọ́ gbàmù, èéfín á sì tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí kò ní bọ́tìnnì yìí, ó ń mọ irú iná tó wọlé fúnra rẹ̀. Bí power pack bá sì bàjẹ́, ẹ má tú u. Iná ńlá ṣì lè wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́) lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Inverter wà nílé wa, síbẹ̀ tí NEPA bá mú iná lọ, kọ̀ǹpútà mi á kú, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni àtúnṣe rẹ̀ kì í ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Láàárín ìgbà tí NEPA mú iná lọ àti ìgbà tí inverter gbé e, àlàfo kékeré kan wà tí ojú wa kò lè rí. Power pack tó bá ATX mu, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe power pack kọ̀ǹpútà, ní láti fi iná tó wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà ró fún bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 16 sí 17 (1000 mìlísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Ọ̀pọ̀ inverter tó wà lọ́jà báyìí ní ipò méjì tí wọ́n lè wà: ọ̀kan ń jẹ́ UPS, èkejì ń jẹ́ APL, èyí tí wọ́n ṣe fún fíríìjì, fáànù àti irú wọn. Lórí UPS, àlàfo náà ò ju bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 10 lọ. Lórí APL, ó lè tó 20. Power pack tó lè fara dà á fún 16 á ré 10 kọjá láìmira, ṣùgbọ́n 20 á bò ó mọ́lẹ̀. Orí APL ni mo sì máa ń bá inverter ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá pè mí.

Ẹ wọ inú ètò inverter yín, tàbí kẹ́ ẹ pe ẹni tó bá yín gbé e kọ́, kó yí i sí UPS. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣá: lórí UPS, ó máa ń kọ iná tó bá wálẹ̀ ju bíi 170 volt lọ, á sì bọ́ sórí bátìrì, nígbà tí APL lè gba iná tó wálẹ̀ dé 90. Àdúgbò tí iná rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì á tètè máa tán níbẹ̀. Níbẹ̀, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi inverter sílẹ̀ sórí APL, kí n wá fi UPS kékeré (kì í ṣe ipò inverter, àpótí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú ni) sáàárín òun àti kọ̀ǹpútà.

Tó bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ pa dà sí ọ̀rọ̀ power pack. Èyí tó jẹ́ ayédèrú kì í ní kapásítọ̀ tó pọ̀ tó láti dúró fún mìlísẹ́kọ́ńdì 10 pàápàá.

UPS 650VA máa gbé mi fún wákàtí mélòó?

Kì í ṣe wákàtí. 650VA kì í ṣe wáàtì 650, ọ̀pọ̀ wọn ò kọjá wáàtì 360 sí 390. Bátìrì tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni 12 volt, 7Ah, ìyẹn wáàtì-wákàtí 84 lórí bébà. Kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ tó ń fa wáàtì 150 á fi ìdajì wákàtí àti díẹ̀ tán an lórí bébà, ṣùgbọ́n bátìrì irú èyí kì í fúnni ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n bá ń fà á kíákíá. Ẹ ṣírò ìdajì rẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ó tó láti tọ́jú iṣẹ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ẹ má gbé e sí ìdí fèrèsé tí oòrùn ń pa, ooru ló ń tètè pa bátìrì rẹ̀.

Stabilizer ńkọ́?

Power pack tó dáa tó jẹ́ 100–240V ò bẹ̀rù iná tó rẹlẹ̀. Iná tó ga jù ló ń pa á. Ìlà méjì lórí òpó ní 415 volt láàárín wọn, tí wáyà neutral (èyí tí iná ń gbà pa dà) bá sì já, ilé kan lè gba iye tó sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn ohun tó máa ń gé iná pátápátá nígbà tó bá ga ju ìwọ̀n lọ, tó tún máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dá a pa dà, ju stabilizer tó ń dún tá, tá, tá ní gbogbo ìgbà. Owó rẹ̀ kéré sí owó bọ́ọ̀dù.

Ṣé mo lè lo jẹnẹrétọ̀ kékeré?

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ tan jẹnẹrétọ̀ ná, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ kí ẹ tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ẹ sì yọ kọ̀ǹpútà kúrò kí epo tó tán, torí bí ẹ̀rọ náà bá ń kú lọ, iná rẹ̀ á máa lọ sókè sódò. UPS tí kò bá gba iná jẹnẹrétọ̀ yín, tó ń sunkún lórí bátìrì bí ẹni pé iná lọ, kò bàjẹ́. Iná náà ni kò dúró sójú kan.

Tí mo bá fọwọ́ kan kéèsì, iná máa ń gbé mi díẹ̀díẹ̀. Ṣé power pack ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Nínú power pack, kapásítọ̀ kéékèèké wà tó ń sẹ́ ariwo inú iná, tí wọ́n sì so mọ́ irin kéèsì. Wọ́n retí pé kí díẹ̀ tó bá jò gba wáyà earth wọ ilẹ̀ lọ. Ilé tí kò bá ní earth, iná yẹn ò ríbi lọ, kéèsì á wá gbé nǹkan bí ìdajì 230 sára. Agbára rẹ̀ kéré gan-an, ó ń gbéni ṣín-ín ṣín-ín ni, ṣùgbọ́n ó lè gba wáyà HDMI tàbí USB lọ sára tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù tí ẹ so mọ́ ọn, kó sì ba ojúhò wọn jẹ́.

Iṣẹ́ oníná mọ̀nàmọ́ná ni èyí: kó ri irin earth mọ́lẹ̀, kó sì so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun á so earth mọ́ neutral nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí neutral bá já, gbogbo 230 ló máa wà lára kéèsì tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Tó bá sì jẹ́ pé gbígbé náà le, tó ń ju ọwọ́ èèyàn sẹ́yìn, kì í ṣe èyí mọ́. Ẹ yọ wáyà lójú ẹsẹ̀.

Processor wo lẹ máa ń gbà wá níyànjú?

Fún ẹni tó ń kàwé, tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fídíò díẹ̀díẹ̀: Ryzen 5 5600G. Ó ní core 6 (apá mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀), wáàtì 65 ni, ó sì ní graphics nínú ara rẹ̀, ẹ ò nílò láti ra graphics card lọ́tọ̀. Fún ilé tó ń fi inverter gbé ara rẹ̀, wáàtì tí processor ń jẹ ṣe pàtàkì bí iyára rẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 tó ń lò (ibi tí processor ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù) ti wà láti 2016, bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Bí owó bá wà, AM5 tó jáde ní 2022 ló máa pẹ́ jù níwájú, ṣùgbọ́n RAM irú DDR5 nìkan ló ń gbà.

Ẹ ṣọ́ lẹ́tà F. i5-12400 ti Intel ní graphics, i5-12400F ò ní. Ryzen 5 5600 tí kò ní G náà ò ní. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tú kéèsì rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí lẹ́tà kan yìí. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló dáa, kò kàn sí ohun tó máa gbé àwòrán jáde ni.

Àwọn i7 àti i9 ìran 13 àti 14 ti Intel tí wọ́n bá lò rí, ẹ fìṣọ́ra rà wọ́n. Lọ́dún 2024, Intel fúnra rẹ̀ sọ pé volt tó ga ju bó ṣe yẹ lọ ń ba irú wọn jẹ́, ó sì gbé àtúnṣe jáde tó ń wọlé nípasẹ̀ BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà). Àtúnṣe náà ń dáàbò bo èyí tó ṣì dáa, kò lè jí èyí tó ti bàjẹ́.

RAM kan onígígábáìtì 16 tàbí méjì onígígábáìtì 8?

Méjì. Processor á máa gba ọ̀nà méjì kà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì hàn gan-an lára èyí tó ń lo graphics inú ara rẹ̀ bíi 5600G. Lórí bọ́ọ̀dù tó ní ojúhò mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ processor ni ẹ sábà máa kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS kí ẹ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára), torí RAM tí wọ́n kọ 3200 sí á máa rìn lórí 2133 tàbí bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò bá tan án.

Ìdẹkùn kan wà nínú ọjà tòkunbọ̀: RAM server (kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́). Ó pọ̀, owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì jọ tiwa lójú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ilé ò lè lò ó. Ẹ ka bébà ara rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ nǹkan bíi PC4-2400T sí, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ìyàtọ̀: R ni ti server, U ni tiwa, S ni ti laptop.

SSD ńkọ́? Ẹnì kan ní 2TB kan lọ́wọ́ tó ń tà pọ́ọ́kú.

Ẹ má rà á kí ẹ tó fi H2testw, ètò kan tó ń dán àyè wò, dán an wò. Àyédèrú SSD àti flash máa ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àyè 2TB wà nínú àwọn, nígbà tó jẹ́ pé kékeré ni. Ẹ máa rí i pé ó ń gba fáìlì yín dáadáa, títí àyè tòótọ́ á fi kún, tí fáìlì tuntun á wá máa tẹ èyí tó ti wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. H2testw á kọ nǹkan kún un pátá, á sì kà á pa dà. Ó ń gba àkókò, ẹ fún un ní àkókò náà.

Ní ti iyára: hádì onírin tó ń yí ń kà bíi 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD SATA (irú tó lọ́ra díẹ̀) bíi 550, SSD NVMe PCIe 3.0 (irú tó yára jù ú) tó dáa bíi 3500. Ṣùgbọ́n láti hádì bọ́ sórí SSD, irú èyíkéyìí, ni ara ti máa ń tuni jù. Kì í ṣe gbogbo SSD M.2 (àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ ojúhò lórí bọ́ọ̀dù) ló jẹ́ NVMe o. Ẹ ka ohun tí bọ́ọ̀dù yín gbà kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ṣé graphics card tòkunbọ̀ tí wọ́n fi wa kírípítò ṣeé rà?

Ó ṣeé rà, tí ẹ bá dán an wò. Nígbà tí Ethereum, ọ̀kan lára àwọn kírípítò, jáwọ́ nínú irú iṣẹ́ yẹn ní 15 oṣù Kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ káàdì bọ́ sọ́jà. Ohun tó máa ń rẹ̀ jù lára wọn ni fáànù àti àwọn ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru kúrò lára mẹ́mórì, méjèèjì ló ṣeé pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́ gan-an. Àwọn káàdì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti yí orúkọ wọn pa dà kí wọ́n lè máa jẹ́ GTX 1050 Ti, GPU-Z máa ń kọ FAKE sí iwájú irú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gééméé tàbí ìdánwò tó wúwo lé e lórí, ẹ dúró tì í, ẹ máa wo ooru rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohùn fáànù. Ẹni tó bá ń kánjú lé yín kúrò lórí ìdánwò yìí, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Tí power pack yín bá kéré, GTX 1650 ń jẹ wáàtì 75 péré, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ò nílò wáyà iná lọ́tọ̀. RX 6600 ń jẹ 132, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju ti 1650 lọ lọ́nà tó jìn.

Mo ti tò ó tán, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá fi graphics card sí i, ẹ wò ó bóyá wáyà ojú kọ̀ǹpútà wà lára rẹ̀, kì í ṣe lára bọ́ọ̀dù. Ẹ wo wáyà iná processor, ẹlẹ́sẹ̀ 8, lókè bọ́ọ̀dù lápá òsì: òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ẹ yọ RAM, ẹ tún tì í bọ ojúhò rẹ̀ títí á fi dún. Tó bá jẹ́ DDR5, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà àkọ́kọ́, ó ń kọ́ bó ṣe máa bá RAM yín ṣiṣẹ́ ni. Tí kò bá ṣì jẹ́, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ẹ dúró díẹ̀, ẹ dá a pa dà. Lẹ́yìn èyí ló kan BIOS tó ti gbó jù fún processor tuntun.

Ooru àti eruku Ìbàdàn ńkọ́?

Thermal paste (ohun tó ń jẹ́ kí ooru processor ráyè kọjá) ò gbọ́dọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ ní àárín orí processor, heatsink (irin tó ń gbé ooru kúrò) á tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Fáànù iwájú ní kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, tẹ̀yìn ní kó máa lé e jáde. Ẹ má gbé kéèsì lé orí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń ṣí tèmi lóṣooṣù kí n fi blower fẹ́ eruku kúrò. Ẹ fi ìka di apá fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, kó má baà yí ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Kí ni kó bá mi rà?

Processor, RAM àti SSD: wọn ò wúwo, wọn ò gba àyè. Kó má gbé kéèsì wá. Tó bá jẹ́ London ló ti ń bọ̀, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, tó sì ra power pack 100–240V, ẹ fi wáyà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ra wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíúùsì níbí, èyí tó nípọn. Kó tọ́jú rìsíìtì sọ́wọ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún, torí ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni wọ́n máa gbé e pa dà sí tó bá ní àléébù. Kí ẹ sì dán gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó wọkọ̀ òfúrufú pa dà.